Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì: Àṣìṣe Àwa Tí Ń Gbé Purotéènì Lọ Síwájú Niútírọ́nì

Ọmọ kan gbé ìgò kékeré kan wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde nínú oṣù Keje. Ìyẹ̀fun lysozyme, purotéènì kan, ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ sí Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹ̀rọ niútírọ́nì wà, kó lọ fi niútírọ́nì, ẹ̀yà ínńtín inú átọ́ọ̀mù, wo bó ṣe ń gbọ̀n. Mo mi ìgò náà, kò ró. Ìyẹ̀fun ti dì mọ́ra bíi gàrí tí òjò pa. Mo ní ìgbà wo ló wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo ṣe é ni, sà." Oṣù méjì ti kọjá. Inú bí mi, torí òun ni ẹni kẹrin lọ́dún yìí.

1. Ẹ ò ka omi sí nǹkan kan.

Ẹ mọ̀ pé háídírójìn ni niútírọ́nì ń rí jù lọ lára purotéènì. Agbára tó fi ń fọ́n niútírọ́nì ká síbi gbogbo tó 80 bánì, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfọ́nká bẹ́ẹ̀. Ti dìùtéríọ̀mù, háídírójìn tó wúwo, kò ju nǹkan bíi 2 lọ. Ìdí tí a fi ń ra D2O, omi tí dìùtéríọ̀mù rọ́pò háídírójìn inú rẹ̀, nìyẹn, kí omi dákẹ́, kí a lè gbọ́ purotéènì. Ẹ wá ra D2O olówó gọbọi tán, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ là gbayawu, lásìkò òjò Ìjẹ̀bú! Gàrí wa tó gbẹ tó ń ró ṣaṣa, ẹ gbé e sílẹ̀ láìbò mọ́jú, ẹ wò ó bí yóò ṣe rọ̀. Ohun tí purotéènì gbígbẹ ń ṣe gan-an nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé òṣùwọ̀n lè má tú àṣírí: D2O ń jáde, omi lásán ń wọlé, ìwọ̀n kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ó ṣe mí rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, purotéènì mi jẹ́ mílígíráàmù 100, D2O 40. N kò wọ̀n ọ́n kí n tó dé agolo pa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tí a ṣí agolo, 140 ti di 151. Mílígíráàmù 11 omi Ìjẹ̀bú ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí mo sì ń wọn ariwo rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gba ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àyè lórí ẹ̀rọ Grenoble. Mo padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ yọ́ purotéènì sínú D2O, ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, ẹ mú un dì, ẹ fà á gbẹ, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Háídírójìn tó so mọ́ náítírójìn àti ọ́síjìn yóò fàyè sílẹ̀ fún dìùtéríọ̀mù; èyí tó so mọ́ kábọ́ọ̀nù yóò dúró, òun gan-an la sì ń wá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba: bí iná bá lọ láàárín, yìnyín á yọ́, iṣẹ́ bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, inú àpò tí náítírójìn gbígbẹ kún ni kí ẹ ti kó o sínú agolo. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó mu D2O tán, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ fi okùn íńdíọ̀mù, irin rírọ̀ kan, dé e pa, kí ẹ tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, àti nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ìgbà márùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

2. Ẹ má jẹ́ kí purotéènì inú agolo nípọn jù. Kí nǹkan bíi 90 nínú niútírọ́nì 100 kọjá láìfarakàn án.

3. Agolo òfìfo àti irin fanadíọ̀mù: bí ẹ ò bá wọn agolo òfìfo, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi yọ ariwo agolo kúrò; bí ẹ ò bá wọn fanadíọ̀mù, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi mú àwọn ojú ẹ̀rọ dọ́gba.

Àwọn tó ń kó nọ́ńbà láti ara ẹ̀rọ méjì jọ tún ń dùn mí. Ẹnìkan kọ̀wé pé purotéènì kan rọ̀ ju èkejì lọ. Ó wọn ọ̀kan lórí ẹ̀rọ IN13, tí ojú rẹ̀ kò rí ju ìrìn nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ǹdì 100 lọ. Ó wọn èkejì lórí IN16B, tó ń rí ìrìn tó pẹ́ dé nánósẹ́kọ́ǹdì (ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ píkósẹ́kọ́ǹdì 1,000). Ẹni tó yọjú wo ijó tó kọjá lọ, àti ẹni tó jókòó wò ó dòru, wọn ò lè ròyìn oníjó bákan náà. Ojú tí ẹ fi wò ó ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ 200 K (nǹkan bíi -73 °C), ibi tí wọ́n ní ìgbọ̀n purotéènì ti ń pọ̀ sí i lójijì. Láti 1989 tí àwọn onímọ̀ Doster, Cusack àti Petry ti wọn myoglobin, purotéènì inú iṣan, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ rí ibi tí ìlà ìgbọ̀n ti fò sókè. Ẹ rántí pé omi ló ń gbé e fò. Ẹ wọn èyí tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mu omi. Ẹgbẹ́ mẹ́táílì (CH3) ara purotéènì tó ń yí po lè tẹ ìlà díẹ̀ láàárín 100 K sí 150 K, kódà nínú purotéènì gbígbẹ. Ẹ má pe ìyẹn ní àwárí.

Ọmọ yẹn padà wá lọ́sẹ̀ kejì. A tan jẹnẹrétọ̀, a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí a dé agolo pa àti èyí tí a tún wọ̀n lẹ́yìn náà bára mu. Agolo náà wà nínú ẹ̀rọ agbomi-mì mi, tó ń fa ọ̀rinrin, báyìí, ó ń dúró de físà ọmọ náà.