Bí a ṣe yan ilé fún ìwádìí omi ní Kétu láìní àkọsílẹ̀

Ohun méjì ló dá ìwádìí wa lórí omi mímu dúró ní àdúgbò kan ní Kétu: kò sí àkọsílẹ̀ ilé kankan, owó wa kò sì tó fún ilé 385. Iye yẹn ni ìṣirò máa ń gbé jáde bí a bá fẹ́ ìdánilójú 95 nínú 100, tí àṣìṣe kò sì gbọdọ̀ ju 5 nínú 100 lọ.

A rìn káàkiri, a fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ 1,200. Nígbà tí àdúgbò kò tóbi, ìṣirò gbà kí a dín in kù: 385 ÷ (1 + 384/1,200), ó di 292. 1,200 ÷ 292 jẹ́ bíi 4, nítorí náà a mú ilé kan nínú mẹ́rin-mẹ́rin. Láti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, a kọ 1 sí 4 sára bébà, a ká wọn, a fa ọ̀kan yọ. 3 ló jáde. Ló bá di ilé 3, 7, 11, títí dé 1,199. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300, àlékún díẹ̀ nítorí àwọn tó lè kọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ má yà sí ilé kejì. Ẹ padà wá lálẹ́. Àwọn tó lọ sóko tàbí ọjà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọnmi lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà nílé, wọn kò sì ní hàn nínú èsì yín rárá.