Bẹ́ ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà dán kọ́ìlì tó ń ta irin wò kẹ́ ẹ tó ra wáyà

Òkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka fíṣíìsì ní Kàbbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ má tíì ra kápásítọ̀ kankan o, ìyẹn ohun tó ń kó iná jọ kó tó tú u sínú kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jẹ́ 1000 microfarad, tẹ́ ẹ bá ti chájì ẹ̀ dé 400 volt, 80 joule ló wà nínú ẹ̀ yẹn, ó lè pa èèyàn.

FEMM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò agbára òòfà, ni kẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. David Meeker ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, laptop àtijọ́ gan-an á gbé e. Ẹ mú magnetics, axisymmetric, millimeters. Torí pé kọ́ìlì àti irin rí roboto, ààbọ̀ péré lẹ máa yà, lápá ọ̀tún ìlà àárín. Ẹ mú Air, 1010 Steel àti wáyà kọ́pà nínú library ẹ̀, ẹ kọ iye amp àti iye ìgbà tí wáyà yí, ẹ fún irin ní group 1 (nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀), ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká fẹ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ máa sún irin síwájú ní 2 mm, ẹ analyze, ẹ wo agbára tó ń fà á, ẹ tún sún un. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fọwọ́ ṣe é jare, ẹ kọ àṣẹ sílẹ̀ ní Lua, èdè kọ̀ǹpútà tó wà nínú FEMM: mi_movetranslate ló ń sún un, mo_blockintegral(19) ló ń mú agbára wá, kó sì máa kọ èsì sínú fáìlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ torí iná wa yìí.

Ẹ máa rí i pé agbára yẹn pọ̀ bí irin ṣe ń wọ kọ́ìlì, ó di òdo láàárín, lẹ́yìn ìyẹn ló bá ń fà á padà sẹ́yìn! Torí náà iná gbọ́dọ̀ ti kú kí irin tó dé àárín, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Ẹ wo flux density (bí òòfà ṣe ki tó) inú irin náà, tó bá ti ń súnmọ́ 2 tesla, irin ti yó, amp ìlọ́po méjì kò ní fún yín ní agbára ìlọ́po mẹ́rin mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fi agbára yẹn ṣírò eré irin, ẹ má tíì fi yangàn, torí iná kápásítọ̀ kì í dúró sójú kan, FEMM ò sì ka eddy current (iná tó ń yí kiri nínú irin fúnra ẹ̀) mọ́ ọn báyìí. Ẹ gba inductance (bí kọ́ìlì ṣe ń dènà kí iná yí padà) níbi kọ̀ọ̀kan tí irin dé, ẹ fi Python, èdè kọ̀ǹpútà míì, ṣírò iná náà ní microsecond 10, microsecond 10.