Àgọ́ tí mo fi bánà olóṣèlú rán

₦45,000 ni mo fi ra àgọ́ tí òjò bà jẹ́ lójú mi ní Òkè Ìdànrè. Kì í kúkú ṣe òjò ńlá. Òjò tí kò lè lé oníbọ̀ọ̀lì kúrò nídìí ààrò rẹ̀ ni. Kó tó di aago méjì òru, ẹní mi ti rin gbindin, síìpù ẹnu ọ̀nà sì ti já kúrò lára aṣọ. Ikọ́ ni mo gbé padà sí Àkúrẹ́. Mo ní n kò tún ní í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí àgọ́ mọ́, èmi ni n ó rán an.

Ohun èlò kò ná mi ní nǹkan kan. Ìdìbò ti kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ bánà sì kó méjì ńláńlá fún mi. Àpò ìrẹsì ni mo fi ṣe ilẹ̀, ọparun ni òpó, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni fèrèsé. Fífọ̀, wíwọ̀n àti gígé kò le: ẹni tó bá ti gé ṣòkòtò rí kò nílò àlàyé mi.

Rírán ló fẹ́ pa mí. Bánà kì í ṣe aṣọ, ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó. Ẹsẹ̀ maṣíìnì, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́, lẹ̀ mọ́ ọn, kò lọ, kò bọ̀. Abẹ́rẹ́ onínọ́ńbà 14 mẹ́ta kán ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Mo ra 18, èyí tí wọ́n fi ń rán jíǹsì, ó wọlé. Inú mi dùn débi pé mo rán an ṣíṣùpọ̀ṣíṣùpọ̀, ojú ìrán sún mọ́ra bíi ti ṣòkòtò ìyàwó tuntun. Mo fà á wò lásán, ó ya láti òkè dé ilẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ará gáréèjì bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀! Ihò abẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra ti gé ọ̀rá náà fún mi láìlo sísọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá aránbàtà kan nítòsí Ọjà Ọba ló yọ mí. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” Wọ́n wo ohun tí mo gbé dání, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, o rán ọ̀rá bí ẹni ń rán àǹkárá. Jẹ́ kí ojú ìrán jìnnà síra. Kí o sì ṣẹ́ etí méjèèjì wọnú ara wọn kí o tó rán an.”

Wọn kò gba owó, búrẹ́dì ni mo rà fún wọn. Nígbà tí mo délé, mo yí maṣíìnì sí ojú ìrán tó gùn jù, mo fi pàúdà pa bánà lára kí ẹsẹ̀ maṣíìnì lè máa yọ̀ lórí rẹ̀, mo ṣẹ́ etí wọnú ara wọn, mo rán an ní ìlà méjì, mo sì fi gọ́ọ̀mù aránbàtà kun ojú ìrán. Mo da omi garawa méjì lé e lórí, ìkán kan kò wọlé. Mo pe gbogbo àdúgbò wá wò ó!

Mo tún gbé e lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, bánà sì wúwo: èjìká mi ṣì ń sọ ọ́. Bí n bá mọ̀ ni, aṣọ agboòrùn tó ti kán ni n bá fi ṣe òkè rẹ̀. Lówùúrọ̀, omi ń kán sí mi lójú. Mo ti bú gọ́ọ̀mù Bàbá kí n tó rí i pé èémí èmi fúnra mi ni, ọ̀rá kò jẹ́ kó jáde. Fèrèsé méjì lókè, ní ìhà méjèèjì, ni ó yẹ kí n ti yọ. Ẹyọ kan nísàlẹ̀ ni mo yọ.

Ojú ti ń tì mí pé kí ènìyàn rí àwòrán olùdíje, ni mo bá yí i sínú. Bí mo ṣe lajú, òun ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń rẹ́rìn-ín lókè orí mi, omi ń kán ní imú rẹ̀. Bí n bá tún rán òmíràn, orí rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ gé kúrò.