Ẹ má gbọ́ Let England Shake báyìí o: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Tí wọ́n bá ti ní òṣèlú wà nínú àwo orin kan, ọ̀pọ̀ wa ti mọ ohun tá a fẹ́ gbọ́ ká tó tẹ̀ ẹ́: ariwo, ẹ̀sùn, orúkọ olóṣèlú tí wọ́n máa bú. Ohun tí ò jẹ́ káwọn èèyàn gbádùn Let England Shake tí PJ Harvey, olórin obìnrin ọmọ ilẹ̀ England, gbé jáde ní February 2011 nìyẹn. Folk rock ni, orin 12, gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ, àmọ́ wọ́n á gbọ́ méjì, wọ́n á ní "kí ló tiẹ̀ ń sọ gan-an?", wọ́n á bá tiwọn lọ. Ó máa ń dùn mí, torí mi ò tíì gbọ́ àwo tó sọ̀rọ̀ ogun tó wọ̀ mí lára tó báyìí.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn máa wá Fela nínú ẹ̀. Fela máa ń nàka sí èèyàn ni, ó fi àwọn sójà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú Zombie lọ́dún 1976, ọ̀nà tiẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é yanjú. Ti PJ Harvey yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ orin ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kó tó wá ohùn sí i, ó ka ohun táwọn sójà àtàwọn ará ìlú tó bógun pàdé ní Iraq àti Afghanistan sọ, ó ka ìtàn ogun Gallipoli tí wọ́n jà ní ilẹ̀ Turkey ní 1915, ó wá jẹ́ káwọn sójà yẹn fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Torí náà ẹ má fa gbólóhùn kan yọ kẹ́ ẹ máa pariwo pé obìnrin yìí kórìíra ìlú ẹ̀. Ẹ gbọ́ orin tó pè ní England nínú ẹ̀, ẹni tí ìlú ẹ̀ ò jọ lójú kò lè sunkún báyẹn. Kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á, torí April 2010, nígbà tí ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ kọ orin tó fi sọ àwo yẹn lórúkọ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n oníròyìn Andrew Marr ní BBC, Gordon Brown tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn wà níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń ráhùn pé ohùn ẹ̀ tín-ín-rín jù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni jàre! Tó bá fi ohùn líle kọ ọ́, ìwàásù ló máa dà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ka ọ̀rọ̀ orin lórí Google kẹ́ ẹ wá rò pé ẹ ti gbọ́ àwo náà. Nínú The Glorious Land, fèrè àwọn sójà kan ṣàdédé wọlé, kò bá ìlù mu, kò bá gìtá mu, ó kàn ń dún lọ tiẹ̀. Àwọn míì rò pé ẹni tó po orin pọ̀ ló ṣàṣìṣe, wọ́n á fò ó. Àwa tá a mọ̀ pé ìlù máa ń sọ ohun tẹ́nu ò sọ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ: fèrè yẹn ń pe àwọn ọmọ jáde lọ sógun, kò sì bìkítà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orin táwọn èèyàn ń kọ.

Èyí tó tún máa ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń fi The Words That Maketh Murder jó láìgbọ́ ọ parí. Sójà kan ń ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí, apá àti ẹsẹ̀ èèyàn lórí igi, ìlù sì ń ta létí bí ìlù òde àríyá. Lópin ẹ̀ ó wá ń béèrè léraléra ṣé kóun gbé ẹjọ́ òun lọ sí United Nations. Inú orin Eddie Cochran, olórin ará Amẹ́ríkà, ti 1958 ló ti yá ìlà yẹn, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ṣàròyé pé wọn ò jẹ́ kóun gbádùn ìsinmi òun. Ó gba ọ̀rọ̀ àwàdà ọmọdé, ó fi sẹ́nu ẹni tó ń rí òkú. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ sì kọjá lọ, ibẹ̀ gan-an ni òṣèlú àwo yìí wà.

Ẹ má sì sọ pé ogun àtijọ́ ni, kò kàn wá. Nígbà tí àwo yìí jáde, àwọn sójà Britain ṣì wà ní Afghanistan. Nínú Written on the Forehead, bàbá arúgbó kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, odò tó ń rùn wà nítòsí, dínárì ni wọ́n ń ná nílùú yẹn, àwọn èèyàn ń bẹ́ sínú omi ẹlẹ́gbin kí wọ́n lè sá lọ, ohùn Niney, olórin reggae ará Jamaica, sì ń kọrin iná lábẹ́ ẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, tí ti Gallipoli wà lára ẹ̀, ṣebí wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá àwọn ará Jámánì jà ní Cameroon nínú ẹ̀.

Shuffle tó máa ń da ètò orin rú ńkọ́? Ẹ pa á, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin tó gbẹ̀yìn. Mick Harvey tó bá PJ Harvey ṣe àwo yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kì í ṣe ọkọ ẹ̀, orúkọ ìdílé wọn ló kàn jọra. Ọmọ Australia ni, àwọn ará Australia sì kú lọ súà ní Gallipoli, òun ló wá bẹ̀rẹ̀ orin tó gbẹ̀yìn àwo náà, níbi tí sójà kan ti ń rántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sáré jáde nínú kòtò tí kò padà wá. Tí ẹ bá fi orin yẹn ṣáájú àwọn tó kù, ẹ ò ní mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ló ń kọ ọ́.