Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Géèmù fún Ṣọ́ọ̀bù, Ẹ Ka Ọdún Rẹ̀

Gbàǹja ni ìyá mi tà ní Sábó, Ṣàgámù, títí ẹsẹ̀ kò fi gbé e dé ọjà mọ́. Ìgbà tí obì bá pọ̀, tí olúkúlùkù ń sáré tà á, ìgbà yẹn gan-an ni òun máa ń rà. Á tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, á to obì sí i, á tún fi ewé bò ó lórí. Tó bá ṣe díẹ̀, á da agbọ̀n sórí ẹní, á máa gbé obì sójú níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò bá ti dá ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ sí lára, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Oṣù á gorí oṣù kó tó gbé agbọ̀n kan jáde fún títà. Àwọn ọmọ tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mákún ń pè mí ní Àǹtí Géèmù. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kò fọwọ́ kan páàdì, ohun tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti gbá géèmù, rí títí ó fi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ẹ̀rọ wo ni kí ẹ fi ṣí ilé géèmù, ẹ gbàgbé iye tí wọ́n kọ sára páálí ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ṣe é ṣe ń jẹun.

Nígbà tí Sony gbé ẹ̀rọ géèmù wọn, PlayStation 3 (PS3), jáde ní 2006, dọ́là 499 ni wọ́n ń ta kékeré, wọ́n ń ta ńlá ní 599. Àwọn ènìyàn ń pariwo pé ó wọ́n, síbẹ̀ owó tí Sony fi ṣe ọ̀kan ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. PS5 oní-díìsì dé ní oṣù kọkànlá 2020 ní dọ́là 499, ó sì di oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e kí Sony tó kéde pé àwọn kò pàdánù lórí rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà, ọ̀gá kan láti Microsoft jẹ́rìí ní kóòtù ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Epic Games àti Apple, pé àwọn kò jèrè rí lórí títa ẹ̀rọ Xbox fúnra rẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oyin wọn wà nínú géèmù. Ẹlòmíràn ló ṣe géèmù náà o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rà á ní ọjà orí ẹ̀rọ wọn, nǹkan bí 30 nínú 100 owó yẹn, tiwọn ni. Páàdì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò nílò owó ìkẹyìn yìí o: ọmọ méjì tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan kò ní í san án fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tó ń san án lọ́dọọdún fún ẹ̀rọ mẹ́ta láìnídìí.

Ẹ tún wo ọdún wọn: PS3 ní 2006, PS4 ní 2013, PS5 ní 2020. Ọdún méje-méje. Àdánù ọjọ́ àkọ́kọ́, láàrin ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti ń gbà á padà, bí iye tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ náà ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀mí rẹ̀ á ṣubú lójú ọ̀nà. Sega ṣubú: ní 2001 wọ́n dá ẹ̀rọ géèmù wọn, Dreamcast, dúró, wọ́n sì kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ilé pátápátá. Nintendo gba ọ̀nà mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ń fi èrè lé ẹ̀rọ tiwọn látìbẹ̀rẹ̀. Dọ́là 249 ni ẹ̀rọ wọn Wii nígbà tó jáde, wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ Ṣàgámù ń wá, ẹ jẹ́ ká fi Nintendo sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má rà á lọ́dún tó bá jáde. Lọ́dún yẹn, owó rẹ̀ ga, géèmù rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ dúró kí tuntun dé, kí àwọn olówó máa ti àtijọ́ sọ́jà tòkunbọ̀: ìgbà obì nìyẹn. Ẹ má bẹ̀rù pé àtijọ́ á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe géèmù kò lè fi mílíọ̀nù ènìyàn tó ti ní ẹ̀rọ nílé sílẹ̀. PS2 jáde ní 2000, FIFA 14 ṣì jáde fún un ní 2013. PS5 ti wà nígboro fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí FC 24, orúkọ tuntun tí géèmù FIFA ń jẹ́, tó dé, síbẹ̀ wọ́n ṣe é fún PS4.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo fi owó mi kọ́ ọ. PS5 tí kò ní ojú díìsì fi dọ́là 100 dín sí oní-díìsì nígbà tí wọ́n jáde. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ìyàtọ̀ kankan, mo sì gbà á gbọ́. Ìyàtọ̀ wà. Tí ojú díìsì kò bá ti sí lára ti 2020 yẹn, ọjà wọn nìkan ni ẹ ó máa ná títí ayé ẹ̀rọ náà. Mi ò lè ra díìsì tòkunbọ̀, mi ò lè ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tó ní ilé géèmù ní Ìkẹnnẹ́, mi ò lè ta èyí tó ti sú àwọn ọmọ. Òru ni mo fi ń wa géèmù sílẹ̀, dátà ń jó, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Dọ́là 100 yẹn kì í ṣe ẹ̀dínwó rárá. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa gbà á. Mo tà á, àdánù ni mo sì fi tà á. Oní-díìsì ni kí ẹ rà, kódà tó bá máa gba oṣù mẹ́ta sí i kí owó tó pé.

Ẹ ka díìsì tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó yí ẹ̀rọ padà. Díìsì PS4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú PS5 oní-díìsì. Ti PS3 kò ṣiṣẹ́ nínú PS4, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì kó pẹpẹ odindi dànù lọ́jọ́ tí wọ́n yí padà.

Páàdì ni ẹ ó ra jù lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù kan, kí ẹ wá gbé páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa wo agbábọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ yín. Tó bá ń rọra rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kòkòrò ti wọ obì yẹn. Ẹ tún fi àtàǹpàkò yí ọ̀pá méjèèjì tó wà lórí páàdì, kí ẹ fetí sí i. Èyí tó bá ń dún bí iyẹ̀pẹ̀, ẹ dá a padà.

PS4 mẹ́ta àti PS5 oní-díìsì kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Lọ́jọ́ tí èyí tó kàn bá jáde, àwọn ọmọ á máa yọ mí lẹ́nu pé kí n rà á, mi ò ní rà á. PS5 tòkunbọ̀ méjì ni mo máa wá kiri ní ọdún yẹn. Gbogbo alẹ́ Sátidé, ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù, mo ń ju díẹ̀ sínú kólò tí mo kọ orúkọ wọn sí.