Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ó Ń Kó Eléré Ìdárayá Fásitì Amẹ́ríkà Sínú Ìjìyà Tẹ́tẹ́

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, fásitì ńlá méjì ní ìpínlẹ̀ Iowa, University of Iowa àti Iowa State University, kéde pé wọ́n ń ṣe ìwádìí àwọn eléré ìdárayá wọn nítorí tẹ́tẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, ẹ̀sùn ọ̀daràn ti wà lọ́rùn àwọn kan nínú wọn. Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń ṣe eré ìdárayá ní fásitì Amẹ́ríkà fi sọ́kàn ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe pé wọ́n gbàbọ̀dè kí ẹgbẹ́ wọn lè fìdí rẹmi. Orí fóònù ni wọ́n ti ta tẹ́tẹ́, ọjọ́ orí àwọn kan kò tíì tó, àwọn mìíràn sì fi orúkọ ẹlòmíràn ta á. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní i gba rìbá láéláé lè ṣe é láìfura.

Èyí tí ó bí gbogbo ìyókù ni kí eléré ìdárayá rò pé ohun tí òfin ìlú bá ti gbà láàyè, òun náà lè ṣe é. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin ọdún 1992 tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lè fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, Iowa sì ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní ọdún 2019. Láti ìgbà náà ni ìpolówó tẹ́tẹ́ ti gba ojú tẹlifíṣọ̀n, etí pápá àti ojú fóònù. Ìwádìí tí NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fásitì Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sí 22 ni ó ti ta tẹ́tẹ́ eré ìdárayá rí, iye náà sì tó 67 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Eléré ìdárayá ń rí i tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ń ta á lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń mú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò sí lábẹ́ òfin NCAA. Òfin náà sọ pé eléré ìdárayá, olùkọ́ni rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí eré kankan tí NCAA ń ṣe ìdíje rẹ̀, yálà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe eré náà, tàbí àwọn tí ó fi ṣe iṣẹ́, tàbí àwọn tí ń ṣe é fún ìgbádùn lásán. Ẹni tí ń sáré orí pápá kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí tẹ́níìsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ ta á lórí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn tí ó fi ṣe iṣẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tí ó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Mushin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Bet9ja kò ti jìnnà sí ti oníbúrẹ́dì, ti mọ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Sátidé láti ilé. Ẹni ọdún méjìdínlógún lè ta á ní Nàìjíríà. Ní Iowa, ọdún mọ́kànlélógún ni. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nípasẹ̀ eré ìdárayá, ó lè rò pé Arsenal àti Chelsea kò kan NCAA. Ó kàn wọ́n, nítorí pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wà lára àwọn eré tí NCAA ń ṣe ìdíje wọn, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Super Eagles pàápàá fi wà lábẹ́ òfin náà. Òfin yìí kò sì mọ ẹnubodè: ẹni tí ó bá wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní oṣù kejìlá, tí ó sì ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo, ti rú u gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta á ní Chicago. Eré ẹṣin àti káàdì inú kasínò kò sí lára ohun tí òfin NCAA yìí dá dúró, nítorí pé NCAA kò ní ìdíje wọn, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ lè tún ní ohun tí wọ́n sọ nípa wọn.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé owó kékeré ni. Nínú ìlànà tí NCAA gbé jáde ní ọdún 2023, iye owó tí ènìyàn ta tẹ́tẹ́ lé lórí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìjìyà fún tẹ́tẹ́ tí kò kan eré tirẹ̀ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí kò bá ju 200 dọ́là lọ, ẹ̀kọ́ nípa òfin tẹ́tẹ́ ni onítọ̀hún yóò gbà. Láti 201 sí 500, ó lè pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sáà kan. Láti 501 sí 800, ogún. Bí ó bá ju 800 lọ, ọgbọ̀n, wọ́n sì lè wò ó bóyá ó yẹ kí ìjìyà náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé àròpọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó ń fi dọ́là mẹ́wàá péré ta tẹ́tẹ́ lọ́sẹ̀ yóò ti ta ti 520 dọ́là kí ọdún tó yípo, ó sì ti bọ́ sí ìpele ogún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bóyá ó jẹ tàbí ó pàdánù kò ṣe nǹkan kan sí ìṣirò náà. Nínú sáà tí ó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlá, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ iye ọdún tí ènìyàn lè fi ṣe eré ní fásitì kò pọ̀.

Ìjìyà tún le ju èyí lọ fún ẹni tí ó bá ta tẹ́tẹ́ lórí irú eré tí òun náà ń ṣe, ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn: ó lè pàdánù ìdajì sáà. Bí ó bá sì jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ṣe eré ní fásitì lè parí pátápátá. Ó yà mí lẹ́nu pé ìfẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń ti àwọn kan sínú èyí. Wọn a ní ẹgbẹ́ wa ni mo gbé owó lé, n kò gbé e lé alátakò, kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹnìkan tí ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún University of Iowa pàdánù gbogbo sáà ọdún 2023 nítorí tẹ́tẹ́ tí ó ta lórí ẹgbẹ́ mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀, tí kò sì lè yí àbájáde eré rẹ̀ padà. Ìlànà àkọ́kọ́ ọdún náà tilẹ̀ fi irú èyí sí ara ohun tí ó lè gba ẹ̀tọ́ lọ títí láé. Kí ọdún tó parí ni wọ́n dín in kù sí sáà kan àti ọdún kan nínú iye ọdún tí eléré ní láti fi ṣe eré ní fásitì. NCAA kò wo ẹni tí eléré fẹ́ kí ó borí. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹni tí ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn eléré, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, mọ ohun tí ẹni tí ó wà níta kò mọ̀.

Lílo àkáǹtì ẹlòmíràn ni ó sọ ọ̀ràn eré ìdárayá di ọ̀ràn ọlọ́pàá ní Iowa. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún kò lè ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ní àwọn kan lo ti ìyá wọn, ti ẹbí tàbí ti ọ̀rẹ́. Ìjọba ka èyí sí ayédèrú àkọsílẹ̀, ẹ̀sùn tí ó wúwo ju tẹ́tẹ́ ọmọdé lọ. Ní ìkẹyìn, ẹnìkan tí ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Iowa State, tí ó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ lórí pápá, gbà pé òun jẹ̀bi tẹ́tẹ́ láìtójọ́ orí, wọ́n ní kí ó san 645 dọ́là, wọ́n sì fi ẹ̀sùn àkọsílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní sáà 2023. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orúkọ màmá lè bo ọmọ mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí fóònù wà kí wọ́n tó gba tẹ́tẹ́, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. Bí àkáǹtì ìyá tí ń gbé ní ìlú mìíràn bá ń ta tẹ́tẹ́ láti inú ilé tí àwọn eléré ń gbé, ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀. Lóòótọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fa ẹ̀sùn àwọn eléré mẹ́rin padà, nítorí pé àwọn olùwádìí lo irinṣẹ́ tí ń fi ibi tí fóònù wà hàn láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ìyẹn dára fún ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n NCAA kì í ṣe ilé-ẹjọ́, sáà tí ó sì ti kọjá kò padà wá. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti òkè òkun, ẹjọ́ ọ̀daràn tún lè dá ìbéèrè sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gba físà mìíràn.

Àwọn kan a tún máa yà á sọ́tọ̀: wọ́n ní fáńtásì, níbi tí ènìyàn ti ń yan àwọn eléré tí yóò sì gba àmì nípa bí wọ́n bá ṣe ṣe tó, kì í ṣe tẹ́tẹ́, wọ́n ní ìwé tí gbogbo ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ń kún láti sọ àwọn ẹgbẹ́ tí yóò borí ní àsìkò March Madness, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni bóyá nǹkan tí ó níye lórí wọlé. Bí ènìyàn bá san owó kí ó tó wọlé, tí ó sì lè jẹ ẹ̀bùn jáde, tẹ́tẹ́ ni, ì báà jẹ́ dọ́là márùn-ún tàbí oúnjẹ alẹ́. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní wàhálà. Ní ọdún 2025, NCAA gba ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mẹ́ta láti fásitì Fresno State àti San Jose State títí láé. Fáńtásì lórí bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe ṣe tó nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ti ẹnu ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé ẹni tí kò fọwọ́ kan tẹ́tẹ́ rí lè jẹ̀bi rẹ̀. Fífi ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ fún ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ wà lára ohun tí ó lè gba ẹ̀tọ́ eléré lọ pátápátá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, olùkọ́ni bésíbọ́ọ̀lù ní fásitì Alabama, Brad Bohannon, ta ẹnìkan lólobó pé ajùbọ́ọ̀lù Alabama tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú LSU, fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana, kò ní i ṣeré. Onítọ̀hún gbìyànjú láti gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là lé LSU ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Cincinnati. Irú owó bẹ́ẹ̀ lórí bésíbọ́ọ̀lù fásitì kì í wọlé lásán, ìfura sì gbòde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi lé olùkọ́ni náà; ní ọdún 2024, NCAA fi ìkìlọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dè é, tí fásitì tí ó bá fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀. Fún eléré, ọ̀rọ̀ náà kì í le tó bẹ́ẹ̀ lójú nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan lórí WhatsApp ẹbí ni yóò béèrè pé, “Ọmọ mi, orúnkún ń kọ́? Ṣé wàá gbá lọ́la?” Ìdáhùn òtítọ́ sí ìbéèrè ìfẹ́ yìí lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn kò gbà wá láyè láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀,” kí àgbàlagbà náà má sì bínú.

Gbèsè ni ó máa ń sọ tẹ́tẹ́ lásán di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Stevin Smith, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní fásitì Arizona State, jẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Láti san án, ó gbà láti dín àmì ayò ẹgbẹ́ rẹ̀ kù ní ọdún 1994, ó sì dé ẹ̀wọ̀n. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Jontay Porter ti Toronto Raptors, ẹgbẹ́ kan nínú NBA, tí gbèsè tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, jáde kúrò nínú eré láìtíì tó àkókò kí àwọn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò jáde lè jẹ tẹ́tẹ́. NBA lé e títí láé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù keje. Ẹni tí gbèsè bá ti kan kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún òbí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó jẹ ní gbèsè kò ní i fi í sílẹ̀; ohun tí ó bá lè ṣe lórí pápá ni wọn yóò fi gbà á.

Nítorí pé òfin ń yí padà, àhesọ náà ń pani. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìròyìn gbòde pé NCAA ti gbà kí àwọn eléré máa ta tẹ́tẹ́ lórí eré àwọn tí ó fi ṣe iṣẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn ìgbìmọ̀ dìbò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Division I, ìpele tí ó ga jù lọ nínú NCAA, àwọn fásitì ibẹ̀ ti dìbò tí ó fagi lé e ní oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó gbọ́ apá àkọ́kọ́ tí kò gbọ́ ìkejì ti wà nínú ewu.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí ọmọ náà má pa áàpù rẹ́, kí ó má sì bẹ ọ̀rẹ́ pé kí ó parọ́ fún òun. Àkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ àti báńkì, irọ́ tí a pa fún olùwádìí sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lórí èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Fásitì kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì tí ń mójú tó òfin eré ìdárayá; ibẹ̀ ni kí ó lọ, pẹ̀lú ìwé tí ó fi gbogbo tẹ́tẹ́, ọjọ́ àti iye owó rẹ̀ hàn, nítorí pé fásitì ni ó máa ń bẹ NCAA pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ eléré padà. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni ó kan ilẹ̀kùn, kí ó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun tàbí kí ó tó fi fóònù rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.