Ìgbà Tó Yẹ Kí A Tan Orin, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Pa Á

Ẹni tó ń gbé Múṣin bíi tèmi kì í wá orin lọ, orin ló ń wá a wọ yàrá. Fújì ń dún nílé kejì, orin ìyìn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ sì ń gbè fún àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni láti mọ èyí tí a ó tàn, ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe fún wa, àti ìgbà tí a ó pa á.

Ara yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ níbi tí ẹ ti lè mọ bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Láàárín 60 sí 100 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń wà. Ẹ tan fújì tó yára fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un kà. Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì tẹ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2006: orin tó yára mú kí èémí àti ọkàn yára, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi sáàárín àwọn orin mú kí ọkàn àwọn olùgbọ́ rọlẹ̀ ju bó ṣe wà kí orin tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá oorun, ẹ tan orin jẹ́jẹ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì pa á; ẹ má jẹ́ kí ó máa dún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ti ẹ̀kọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí orin ṣáájú ìwé ju kí wọ́n jọ rìn lọ. Ní ọdún 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ orin Mozart, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, fún ìṣẹ́jú 10 ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò fífi ojú inú to nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni agbára náà fi wà. Àwọn òbí kan tìtorí èyí sáré ra Mozart fún ọmọ inú oyún! Nígbà tó di 2001, àwọn olùwádìí ní Kánádà fi hàn pé inú dídùn àti ara yíyá ló ṣe iṣẹ́ náà, nítorí orin tó falẹ̀ tó sì kún fún ìbànújẹ́ kò mú irú rẹ̀ wá. Jùjú tí ẹ fẹ́ràn lè ṣe é pẹ̀lú: ẹ jó sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, kí ẹ ṣí ìwé. Bí ẹ kò bá pa á, ọ̀rọ̀ orin yóò máa bá ọ̀rọ̀ ìwé jà. Wọ́n sábà máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kí ó lo orin tí kò ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí gángan tí ẹnikẹ́ni kò kọrin sí ṣì ń fọhùn, etí tó bá gbọ́ ìlù yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an níṣẹ́.

Orin ìbànújẹ́ a máa pe ìrántí tó bá a tan wá, nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ní ti àgbàlagbà tí ìgbàgbé ń dà láàmú, ẹ wá orin tó gbòde nígbà tó wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30, nítorí ìrántí ìgbà náà ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹ tan ẹyọ kan, ẹ pa á, ẹ dúró, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè bí olùkọ́. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa ní Èbúté Mẹ́ta bi mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Mo tan àpàlà kan fún wọn. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan apá àga, nígbà tó sì yá, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ akọrin lẹ́nu. Ìgbà tí mo pa á ni wọ́n tó sọ àwọ̀ aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ sí òde kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àti ẹni tí kò tíì san owó tirẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú, wọ́n tún bi mí pé ọmọ ta ni mí.